Òòrẹ̀ Kò Lé Bọ́ọ̀lù Mọ́

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi já wàlà, ó bọ́ sí pápá bọ́ọ̀lù, ó dá lórí Òòrẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ, lọ́jọ́ tí àwọn ẹranko òkè wá bá ará ìlú Òòrẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, Ìkookò baálẹ̀ ti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí oko ara rẹ̀. Òòrẹ̀, Etu àti Ọ̀yà nìkan ló kù tí yóò ṣọ́ ẹ̀yìn.

Ìkookò jókòó sẹ́bàá pápá, ó ń pariwo: "Ẹ lé wọn!"

Wọ́n lé wọn, ẹsẹ̀ Etu rọ́.

"Ẹ lé wọn, ẹ̀yin ọ̀lẹ!"

Wọ́n tún lé wọn, èémí Ọ̀yà fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Nígbà tí Ìkookò pariwo lẹ́ẹ̀kẹta, Òòrẹ̀ dúró. Kò sáré. Ó kó àwọn méjèèjì jọ síwájú àwọ̀n, ó fi ìbínú kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Baálẹ̀ ní ká lé wọn,
*Dúró ṣinṣin!*
Ta ni yóò rọ́pò wa?
*Dúró ṣinṣin!*
Ọ̀dọ́ ń roko baálẹ̀,
*Dúró ṣinṣin!*

Ará òkè yí sọ́tùn-ún, wọ́n yí sósì, wọn ò ráàyè. Bọ́ọ̀lù kò wọlé títí eré fi parí.

Ìkookò rẹ́rìn-ín wá. "Ẹ kú iṣẹ́! Mo mọ̀ pé ẹ tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gún Òòrẹ̀ dìde gànràn-gànràn. "Baálẹ̀, ẹ má kí wa. Etu ò lè rìn. Ẹ wá pọ̀n ọ́n."

"Èmi kẹ̀?"

"Ta lẹ fi sílẹ̀ nílùú tí yóò pọ̀n ọ́n?"

Gbogbo pápá ń wò ó. Ni Ìkookò bá bẹ̀rẹ̀, ó pọn Etu, ó sì gbé e délé.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Ẹni tó kó ọmọ ogun lọ sóko, kó má pe ẹni tó kù lọ́lẹ.