Àlọ́ Ọ̀sán Gangan ní Òkè-Amọ̀

Láyé ìgbà ogun, iṣẹ́ kan ṣoṣo làwọn obìnrin ìlú Òkè-Amọ̀ ń ṣe: ìkòkò ni wọ́n ń mọ. Ìkòkò ọbẹ̀ ni o, ìṣaasùn ni o, àmù omi ni o, kò sí èyí tí ọwọ́ wọn ò ká. Àfi obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìkòkò tí Àwẹ̀ró bá mọ, bó bá jàjà jáde nínú iná, á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ìbàdí ń dùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín títí, òun náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kì í fi gbogbo nǹkan du ẹ̀dá. Ẹnu ni ó fi jíǹkí Àwẹ̀ró. Bí obìnrin yìí bá ń pàlọ́, ẹni tó ń jẹun á gbàgbé òkèlè sọ́wọ́.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọdé máa ń wá sí àgbàlá rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ìjókòó tirẹ̀. Ìkòkò tó bá sán nínú iná ni wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣe ìjókòó. Èèwọ̀ ni ní Òkè-Amọ̀ kí ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ́ àlọ́. Èèwọ̀ kejì sì wà tó jù ú lọ: a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ní ẹni tó bá pàlọ́ nígbà tí oòrùn wà lókè, ìyá rẹ̀ á ṣìnà bọ̀ láti oko.

Àlọ́ Ìjàpá kọ́ ni Àwẹ̀ró ń pa. Ó ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan, ọmọ ìyá kan náà, ló máa ń gba ihò ẹ̀yìn ẹbu, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, bọ́ sí ìlú kan tí à ń pè ní Ìlú Ẹ̀yìn-Ẹbu. Níbẹ̀, igi a máa kí èèyàn láàárọ̀, odò a sì máa sùn bó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wá ihò náà kò ní rí i. Ẹni tí nǹkan mìíràn bá gbà lọ́kàn ni yóò kàn bá ara rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí àwọn ọmọ náà bá lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, tí wọ́n bá wọlé padà, wọ́n á bá iṣu tí ìyá wọn gbé kaná tí kò tí ì rọ̀. Bí èyí bá tán, òmíràn á tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ mẹ́ta kan náà, ewu mìíràn.

Mo ní bí èyí bá tán, àbí? Irọ́ ni mo pa yẹn o. Àlọ́ Àwẹ̀ró kì í tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná jù ni yóò ti dákẹ́. Á dìde, á gbọn ìró rẹ̀, á ní, "Ó di inú yín o. Ẹ lọ parí rẹ̀ nílé." Àwọn ọmọ á pariwo, wọ́n á di aṣọ rẹ̀ mú, wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Kò ní dá wọn lóhùn. Àwọn òbí ò fẹ́ràn èyí rárá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àlọ́ gbọ́dọ̀ ní ìdí, kí apàlọ́ sì sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó tó dìde. Èwo wá ni ká dá ọ̀rọ̀ sí méjì fún ọmọdé?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró mú àwọn ọmọ mẹ́ta náà dé àárín igbó ní Ìlú Ẹ̀yìn-Ẹbu. Wọ́n dédé gbọ́ ohùn ìyá wọn lẹ́yìn igi ńlá kan, ó ń pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹun. Ohùn ìyá wọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò oúnjẹ kọ́. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró dìde sí.

Ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Àìná, ọmọ Ọ̀jẹ́wùmí tí í ṣe Ìyá Ẹbu, olórí gbogbo amọ̀kòkò. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Àìná fi ń ro ọ̀rọ̀ ohùn yẹn. Níbi tó ti ń rò ó ni ìyá rẹ̀ ti ní kó ṣọ́ ìkòkò tí wọ́n sá sóòrùn. Ojú Àìná wà lára ìkòkò, ọkàn rẹ̀ wà nínú igbó. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ewúrẹ́ ti tẹ ìkòkò méjìlá fọ́ wẹ́wẹ́.

Ọ̀jẹ́wùmí kò na ọmọ o. Ilé Baálẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

"Baba, mo ti fara dà á tó," ló wí. "Ìyá yìí ń fi àlọ́ àbọ̀ ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Ẹ rán an létí pé àlọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin."

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró. Ó béèrè ohun tó dé tí kì í parí ọ̀rọ̀.

"Baba, ọmọ tí mo bá parí gbogbo rẹ̀ fún, kí ni inú tirẹ̀ á máa ṣe?" Àwẹ̀ró fèsì. "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ bí a ti ń fi inú wá ọ̀nà."

"Ṣé inú ni yóò mọ ìkòkò méjìlá padà fún mi?" Ọ̀jẹ́wùmí gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wá pàṣẹ: bó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n bá sun ìkòkò, àlọ́ kí àlọ́ tí Àwẹ̀ró bá bẹ̀rẹ̀, kó parí rẹ̀, kó sọ ẹ̀kọ́ ibẹ̀; àìjẹ́bẹ́ẹ̀, kó má pàlọ́ mọ́ ní Òkè-Amọ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ó kí wọn, ó padà sílé, ó sì sunkún. Ta ló ní yàtọ̀ sí àwọn ọmọ yìí? Bí wọn ò bá wá sí àgbàlá rẹ̀ mọ́, ta ni yóò máa ké sí i? Àmọ́ kó parí àlọ́ fún wọn, kò mọ bó ṣe máa ṣe é. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ òpin wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń sun ìkòkò pé. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo àgbà ìlú, lọ́kùnrin lóbìnrin, a máa wà ní pápá iná lẹ́yìn òkè. Ọmọdé kì í débẹ̀. Inú ẹbu ni wọ́n ń kó wọn sí, kí wọ́n máa fi odó gún àpáàdì tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀. Àwẹ̀ró tí ọwọ́ rẹ̀ ò wúlò nídìí iná ló máa ń ṣọ́ wọn. Àwọn ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò rù, ó lọ pọnmi lódò.

Kò tí ì bu omi tí ọkùnrin mẹ́ta fi yọ sí i nínú igbó. Gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n. Okùn wà léjìká ọ̀kan. Ọ̀kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun fi ọ̀bẹ lé e níhà.

"Ìyá, bí ẹ bá fi pariwo, ó tán nìyẹn. A mọ̀ pé àwọn ọmọ wà nínú ilé ọ̀hún. Ẹ máa lọ."

Àwẹ̀ró rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí òun bá kígbe, wọ́n á pa òun, wọ́n á sì kó àwọn ọmọ náà lọ. Pápá iná jìnnà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

"Bí ẹ bá já wọ̀ wọ́n, wọ́n á fọ́n ká ni, ẹ ò ní rí méjì mú," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n jáde fún yín. Bí mo bá ti ní n óò pàlọ́, wọ́n á yí mi ká bí òròmọdìẹ."

Onírùngbọ̀n wò ó. "Àlọ́ kẹ̀? Lọ́sàn-án gangan?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n," olókùn dá a lóhùn. "Ọmọdé ni wọ́n. Kí ni wọ́n mọ̀?"

Wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn igi ọdán tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ẹbu. Wọ́n ní kí ìyá dúró síwájú wọn, níbi tí ọ̀bẹ ti lè tó o. Oòrùn wà láàárín orí. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti dáyé, kò ṣe ohun tó fẹ́ ṣe yìí rí.

"Ààlọ́ o!"

Ìró odó dákẹ́ nínú ẹbu. Àwọn ọmọ yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré jù bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, oòrùn mà ṣì wà lókè! Ìyá yín á ṣìnà o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Àìná. Àìná wo ojú Àwẹ̀ró. Ó wo orí rẹ̀, kò rí ìkòkò tó gbé lọ sódò. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ààlọ̀," ló fi gbè é.

"Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó kan àwọn ọmọ mẹ́ta nínú igbó Ìlú Ẹ̀yìn-Ẹbu," ni Àwẹ̀ró wí. "Wọ́n gbọ́ ohùn ìyá wọn lẹ́yìn igi ńlá kan. Ohùn ìyá wọn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kọ́…"

Ó dákẹ́. Gbogbo ohun tó lè sọ nìyẹn. Ó ti fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ lé Àìná, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lọ́wọ́, ẹ̀mí mọ́kànlá sì wà nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ ayé rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ló kábàámọ̀ pé òun kò parí àlọ́ kan rí.

Àìná kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, a ò kúkú lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ́ àlọ́. Ẹ jẹ́ ká wọlé lọ gbé ìjókòó wa."

"Ẹ yára o, ọmọ mi," ni Àwẹ̀ró fèsì.

Wọ́n wọlé. Kò pẹ́ tí ìró odó kan tún fi bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, gbì. Ohùn Àìná jáde látinú ilé: "A ń bọ̀ o! Ìjókòó kan ló há sábẹ́ òmíràn!" Odó tún dún. Olókùn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn igi. Àwẹ̀ró ń gbọ́ odó náà, ó sì ń gbàdúrà pẹ̀lú ìró kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, odó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó jáde.

"Irú ìjókòó wo nìyẹn?" Onírùngbọ̀n fò yọ, ó ya wọ inú ẹbu. Odó ló bá, pẹ̀lú ìkòkò mọ́kànlá tí wọ́n dojú wọn délẹ̀, àti ihò tí wọ́n ń gbà kó pàǹtí dànù ní ẹ̀yìn ilé. Ihò náà ò gba àgbàlagbà. Ọmọdé gbà á dáadáa.

Kó tó jáde, ariwo ti sọ láti ẹ̀yìn òkè: àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jáde ti sáré dé pápá iná. Gbogbo ará pápá iná ló ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń yọ ìkòkò nínú iná, ẹnu ọ̀pá ṣì ń rú èéfín. Ọ̀jẹ́wùmí ló ṣíwájú, kò wé gèlè, kò wọ bàtà. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ò rí ọ̀nà sá. Okùn tí wọ́n gbé wá náà ni wọ́n fi dè wọ́n.

Nígbà tí ọkàn balẹ̀ tán, Baálẹ̀ pe Àìná sí àárín èrò.

"Ọmọ, kí ni Àwẹ̀ró sọ fún ọ?"

"Baba, kò sọ fún mi pé gbọ́mọgbọ́mọ wà níbẹ̀. Àbọ̀ àlọ́ ló pa."

"Ta ló wá sọ ìyókù fún ọ?"

"Inú mi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti parí rẹ̀," ni Àìná wí, ó ń wo ìyá rẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. "Ọjọ́ tí ewúrẹ́ tẹ ìkòkò. Àwọn ọmọ mẹ́ta náà dáhùn pẹ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n gba ihò wọn padà sílé. Ẹni tó dàgbà jù ló dúró gbẹ̀yìn, ó ń kọrin kí wọ́n lè rò pé gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀. Èmi ò lè kọrin, odó ni mo gún."

Ọ̀jẹ́wùmí kúnlẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Kí ewúrẹ́ kúkú tẹ méjìlá mìíràn sí i!"

Àwẹ̀ró gbé e dìde. Ó fa Àìná mọ́ra.

Baálẹ̀ wúkọ́, ó ní, "Àwẹ̀ró, ní ti àṣẹ tí mo pa níjelòó yẹn…"

Ó dákẹ́. Ó gbọn agbádá rẹ̀, ó dìde, ó kọrí sílé. Èrò wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló kù. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ọmọ mọ́kànlá gbé ìjókòó wọn, ó di àgbàlá Àwẹ̀ró. Àwọn òbí wọn tẹ̀ lé wọn, tàwọn ti ìkòkò sísán lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odindi.