Ẹ̀pà Inú Kèrègbè Mẹ́ta

Nígbà láéláé, nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì jẹ́ ẹranko tí í na ẹsẹ̀ sórí ẹ̀ka láti àárọ̀ títí dalẹ́, ọ̀dá kan dá tí ó run gbogbo oko. Ẹ̀pà tí ó ṣẹ́ kù nínú igbó kò ju ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ, ọwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ó sì wà.

"Bí a bá jẹ eléyìí, ó parí fún wa nìyẹn," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Irúgbìn ni. Ibi mẹ́ta ni n ó tọ́jú rẹ̀ sí. Bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan, méjì yóò kù."

Ọlọ́gbọ́n ni, àbí? Ó pín in sínú kèrègbè mẹ́ta, ó sì fi amọ̀ dí ẹnu wọn pa. Ó gbé ọ̀kan fún Òkété nínú ihò ilẹ̀, ó gbé ọ̀kan fún Ìyá Àparò nínú koríko, ó fi ọ̀kan sínú ihò igi tirẹ̀.

Ní ọrọọrún, á nà gbalaja lórí ẹ̀ka, á ké sí ìsàlẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n Òkété, ẹ̀pà ń kọ́?"

"Ó wà ńbí!"

"Ìyá Àparò, tiyín ń kọ́?"

"Mo fara tì í báyìí. Amọ̀ ẹnu rẹ̀ ò tíì là rárá."

Ọ̀kẹ́rẹ́ á fọwọ́ gbá tirẹ̀ pẹ́pẹ́, á padà sùn. Ẹnu kèrègbè ni gbogbo wọn ń wò, kò sẹ́ni tó wo inú rẹ̀. Ìwà ọ̀lẹ yẹn ń bí mi nínú títí dòní.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Wọ́n fọ́ kèrègbè. Ẹ̀pà Òkété ti bu, omi ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ikán ti gba ìdí wọ ti Ìyá Àparò, ó ku èèpo. Kòkòrò ti sọ ti Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ di ìyẹ̀fun.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Ọmọ mẹ́ta wà nínú ìtẹ́ rẹ̀, ebi sì ti ń pa wọ́n láti àná.

"Àbúrò, ẹkún ò ṣeé gbìn," ni Òkété wí. "Kó gbogbo rẹ̀ wá."

Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e. Wọ́n ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí i, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń mì í létí.

"Eléyìí ti bu."

"Eléyìí ṣófo."

Ó ṣe, Ìyá Àparò pariwo: "Eléyìí le! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"

Wọ́n rí márùn-ún nínú ti Òkété, méje nínú ti Ìyá Àparò, méjì péré nínú ti Ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ ló hù, inú mi dùn láti sọ ọ́, nígbà tó sì gbó, àwọn ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹ̀pà tútù yó.

Wọ́n tún tọ́jú irúgbìn sí ibi mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ké sí ẹnikẹ́ni láti orí ẹ̀ka. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń lọ wo inú kèrègbè.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kẹ́rẹ́ kò ti lè jókòó sójú kan mọ́. Á sáré gun igi yìí, á sọ̀ kalẹ̀, á bẹ́ sí òmíràn. Á fi ọwọ́ méjèèjì mú èso, á yí i síwá sẹ́yìn, á gbóòórùn rẹ̀, kí ó tó gbà pé ó dára. Bí ẹ bá rí i lóko, ẹ má sọ ọ́ lókò. Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ló ń wò.