Kẹ̀kẹ́ Ìyá Agbẹ̀bí àti Òkè Amúnisinmi

Bí ẹ bá dé ìlú Ìjàdò, tí ẹ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yin ohun tuntun, ì báà ṣe àna tuntun, ì báà ṣe olóyè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Àgbà kan yóò wúkọ́, yóò sì wí pé: "Ó wọ̀, ó wọ̀: ẹ jẹ́ ó gun òkè ná." Àlejò á wo ọ̀tún, á wo òsì. Kí ló wọ kí ni? Òkè wo ni wọ́n fẹ́ kí àna gùn? Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú pàápàá ń pa á lówe láìmọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹsẹ̀ ló ń gbé e wá. Ẹsẹ̀ tó gbé èyí wá, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni, ti ẹ̀yìn.

Nígbà tí mọ́tò kò tíì mọ ọ̀nà Ìjàdò, obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìbídàpọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ọsibítù àwọn òyìnbó, ó sì padà wá ṣe é láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Agbẹ̀bí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì ti ní òun yóò ṣe nǹkan, ẹni tó bá ní kó má ṣe é kàn ń fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò ni.

Kẹ̀kẹ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, kẹ̀kẹ́ náà kì í sì í ṣe ẹlẹgbẹ́ àwọn tó kù ní ìlú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn yẹn ti wá. Wọ́n wúwo, irin gbọọrọ kan sì dábùú wọn láàárín, tí obìnrin tó ró ìró kò fi lè gùn wọ́n. Ti Ìyá Agbẹ̀bí, ilẹ̀ Faransé ló ti wá. Kétu, ní òdìkejì ààlà, ni bàbá rẹ̀ ti rà á nígbà ayé rẹ̀, nígbà tó ń ṣòwò aṣọ. Irin rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ níwájú, obìnrin lè fi ìró gùn ún kí aṣọ rẹ̀ má ká sókè. Ó ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì ti gbé olówó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ aboyún.

Lọ́jọ́ kan, firiwíìlì rẹ̀ kú. Ẹni tí kò bá mọ firiwíìlì, òun ni irin eléyín róbótó tó wà nídìí wíìlì ẹ̀yìn, tí ṣéènì ń fà, tó sì máa ń ké tíkí-tíkí bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bá dáwọ́ ẹsẹ̀ dúró. Eyín rẹ̀ ti jẹ tán, ohun tó ń di wíìlì mú nínú rẹ̀ sì ti gé. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá tẹ pẹ́dà, pẹ́dà nìkan ló ń yí. Kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi.

Ó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Ògúnsúyì, bàbá Dúrójayé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi ọ̀dán lẹ́bàá ọ̀nà. Ògúnsúyì mọ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Dúrójayé."

"Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ káàbọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jókòó. Irin wo ló fẹ́ gbójú sí Ògúnsúyì?"

Ó tú firiwíìlì àtijọ́ náà, ó sọ ọ́ sórí òkìtì irin tí alágbẹ̀dẹ máa ń wá kó. Ó tú àpótí rẹ̀, ó yọ tuntun kan, ó fi ọ̀rá pa á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ mọ́ ìdí wíìlì. Wéré ló lọ́ dé ìdí.

"Ó wọ̀!" Ògúnsúyì fò dìde, ó fẹsẹ̀ jó díẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ó wọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà!"

Ìyá Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fi ìka mì í.

"Bàbá Dúrójayé, ṣé kò rọrùn jù báyìí? Ẹ wò ó, ó ń mì díẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ tú kúrò kò mì bẹ́ẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì lèyí, kẹ̀kẹ́ Faransé sì ni tèmi."

"Ṣé mo máa ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí ni, Ìyá Agbẹ̀bí? Irin ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Faransé. Ẹ gùn ún wò."

Ó gùn ún. Ọ̀nà tó lọ sí ọjà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kẹ̀kẹ́ ń lọ geere, ó ń ké tíkí-tíkí bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á tán, ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́ kò fún un ní ẹ̀rí kankan tó lè fi bá Ògúnsúyì jiyàn. Ó dúpẹ́, ó gba ilé lọ.

Kò pẹ́ sí i, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Akíntẹ́wẹ́ sáré wọ àgbàlá rẹ̀ ní ìyálẹ̀ta, òógùn bò ó. Abà Ìrókò ló ti wá, ní ẹ̀yìn òkè.

"Ìyá, ẹ gbà mí! Olútóyè ìyàwó mi ń rọbí láti àfẹ̀mọ́jú. Ìyá mi ní kì í ṣe ọmọ kan ló wà níbẹ̀."

"Máa bọ̀ lẹ́yìn," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí. Ó ti so àpò mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀.

Òkè tó wà láàárín ìlú àti abà náà ni wọ́n ń pè ní Amúnisinmi, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ohun tó ń ṣe fún èèyàn. Ṣùgbọ́n Ìyá Agbẹ̀bí kì í sinmi níbẹ̀. Ìṣe rẹ̀ ni pé kó dìde lórí ìjókòó, kó fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà títí yóò fi dé orí. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́jọ́ yìí. Nígbà tó dé àárín òkè, níbi tó ti dà bí ògiri, ohun kan ké kẹ̀rẹ̀ẹ̀rẹ̀ nídìí wíìlì. Pẹ́dà sá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbá irin, òun àti kẹ̀kẹ́ sì ṣubú sí ojú ọ̀nà.

Ó wo ìdí wíìlì. Firiwíìlì tuntun náà ti tú sílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú irin sì ń dà jáde nínú rẹ̀. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yẹ kó fi gbá wíìlì mú, irú èyí tó máa ń wà nínú nọ́ọ̀tì, kò wọnú ti wíìlì rárá. Wọ́n kàn fi orí lé orí ni. Ilẹ̀ títẹ́ kò mọ̀. Òkè mọ̀.

Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ti kẹ̀kẹ́ sínú koríko, ó gbé àpò rù, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tòun ti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lórúnkún.

Ìyá Akíntẹ́wẹ́ ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé nǹkan kan sọ́wọ́ nínú aṣọ.

"Àkọ́kọ́ ti dé," ni ìyá náà wí. "Kò ké."

Ọkùnrin ni. Ìyá Agbẹ̀bí gbà á, ó fa itọ́ ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, ó fi ọwọ́ pa àyà rẹ̀. Ó ṣe é, ó tún un ṣe. Ọmọ náà kò mí. Nínú yàrá, ohùn Olútóyè ti ń rọlẹ̀, ọmọ kejì sì dábùú nínú rẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí tẹ́ èyí tó kú sórí ẹní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tẹ́ ọmọ tó sùn, ó sì wọlé.

"Olútóyè, wò mí lójú. Má sùn o. Ìwọ àtèmi la jọ máa ṣe é."

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí ọmọbìnrin kan tó fi igbe ta. Ìyá rẹ̀ sì yè.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Agbẹ̀bí ti kẹ̀kẹ́ dé abẹ́ igi ọ̀dán. Ó fi firiwíìlì tó bàjẹ́ náà lé Ògúnsúyì lọ́wọ́.

"Ìbejì ni. Ọ̀kan ti lọ kí n tó dé."

Ògúnsúyì yí irin náà wò lọ́wọ́. "Ìyá Agbẹ̀bí..."

"Mi ò wá bá yín jà. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ bóyá ì bá yè bí mo bá tètè dé. Èmi náà rí i pé ó ń mì, mo sì gùn ún lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún wá pè mí. Firiwíìlì tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ yìí gan-an ni mo fẹ́."

Ògúnsúyì dìde, ó lọ bá alágbẹ̀dẹ, bóyá ti àtijọ́ ṣì wà tí wọ́n lè tún un ṣe. Ó pẹ́ jù. Ti àtijọ́ ti di ọkọ́. Ó gbìyànjú láti fi odidi wíìlì Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò, wíìlì náà sì fẹ̀ ju àyè tí wọ́n fẹ́ fi í sí lọ. Ẹnì kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ní kí Ìyá Agbẹ̀bí kúkú wá kẹ̀kẹ́ mìíràn.

"Kí n wá máa fi ìró gun irin ìdábùú lọ gbẹ̀bí?" ni ó dá a lóhùn. Onítọ̀hún bá tirẹ̀ lọ.

"Kétu nìkan la ti lè rí i," ni Ògúnsúyì wí níkẹyìn.

"Ó jìn."

"Ó jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi ni n ó ru wíìlì náà."

Bí wọ́n ṣe mú ọ̀nà nìyẹn, wíìlì lọ́rùn Ògúnsúyì bí ẹ̀gbà, Ìyá Agbẹ̀bí níwájú. Nígbà tí wọ́n dé ọjà Kétu, wọ́n bá bàbá kan tó ń ta àlòkù irin, Sẹ̀wanù lorúkọ rẹ̀. Firiwíìlì gbígbó wà níbẹ̀ bí òkìtì ìgbín.

"Èwo lẹ fẹ́ níbẹ̀?" ni Sẹ̀wanù bi wọ́n.

"Èyí tí wíìlì yìí bá gbà."

Wọ́n jókòó tì í. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò tíì lọ́ dé ibì kan tó fi há. Ọwọ́ Ògúnsúyì ti lọ síbi sípánà rẹ̀ kó tó fà á padà. "Bí mo bá fipá mú un, yóò gé ìlà wíìlì," ni ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òmíràn wọlé wéré, ó sì ń mì. Wọ́n ti mọ ìyẹn. Òmíràn bá a mu dáadáa, àmọ́ eyín rẹ̀ ti jẹ ju ti èyí tó kú lọ. Ọ̀kan sì wà tí eyín rẹ̀ tóbi ju ohun tí ṣéènì lè gùn lọ. Ọwọ́ wọn dúdú fún ọ̀rá, oòrùn sì kúrò lórí wọn.

"Ìyá, ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ máa lọ," ni Sẹ̀wanù wí. "Ṣé ìyàwó lẹ ń fẹ́ ni?"

"Ó ju ìyàwó lọ. Ìyàwó á sọ̀rọ̀ bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn."

Nísàlẹ̀ òkìtì náà ni wọ́n ti rí èyí tí ìpẹtà àti ọ̀rá gbígbẹ bò mọ́lẹ̀. Ògúnsúyì fi etí bùbá ara rẹ̀ nù ún. Eyín rẹ̀ pé. Ó gbé e lé ìdí wíìlì, ó fi ìka méjì péré lọ́ ọ. Kò há, kò sì sáré. Ó ń lọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìdí, tó sì dúró gẹ́lẹ́. Ògúnsúyì fà á, ó mì í. Kò mira. Ó yí i sẹ́yìn: tíkí-tíkí-tíkí, ohùn rẹ̀ já gaara.

"Ó wọ̀!" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí. Ojú tì í.

"Ó wọ̀, ó wọ̀!" ni Sẹ̀wanù ń pariwo, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé wíìlì náà sókè, ó wò ó yíká.

"Ó wọ̀, ó wọ̀," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ó gun òkè ná."

Nígbà tí wọ́n padà dé, tí Ògúnsúyì ti to kẹ̀kẹ́ náà pọ̀, ìsàlẹ̀ Amúnisinmi ni wọ́n gbà lọ tààrà. Àwọn èèyàn ti gbọ́, wọ́n tẹ̀lé wọn. Ìyá Agbẹ̀bí gun kẹ̀kẹ́, ó bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá Dúrójayé, ẹ jókòó sẹ́yìn."

"Èmi? Bí mo ṣe tóbi tó yìí?"

"Àpò mi kò wúwo tó. Bó bá máa já, ẹ jẹ́ ó já lónìí tí ẹnikẹ́ni kò rọbí."

Ògúnsúyì jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù dirodiro. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Agbẹ̀bí dìde lórí ìjókòó, ó sì tẹ pẹ́dà. Ṣéènì ń ké, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ ibi tó dà bí ògiri, ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo ayé. Ògúnsúyì di ojú.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ jókòó."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Orúnkún tí kò tíì san tán ń ta á, kò dúró. Firiwíìlì gbá wíìlì mú bí ọmọ ṣe ń di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi yọ lórí òkè. Ariwo ayọ̀ ta nísàlẹ̀.

Ògúnsúyì sọ̀ kalẹ̀, ó rò pé àwọn yóò padà. Ṣùgbọ́n Ìyá Agbẹ̀bí ti kọjú kẹ̀kẹ́ sí òdìkejì.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Abà Ìrókò. Mo fẹ́ wo Olútóyè àti ọmọ."

Ògúnsúyì tún gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, tí Akíntẹ́wẹ́ jáde wá kí wọn, ọkùnrin tó tó bàbá bí i yìí nà gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Akíntẹ́wẹ́ sáré gbé e dìde kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi," ni ó ń wí, omijé sì wà lójú àwọn méjèèjì. Olútóyè jáde wá, ó gbé ọmọ rẹ̀ fún Ògúnsúyì kó gbé e.

Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ kan kì í kúrò lábẹ́ igi ọ̀dán tí Ògúnsúyì kò kọ́kọ́ gùn ún dé orí Amúnisinmi. Bí olówó rẹ̀ bá ń kánjú, tó ń wí pé, "Bàbá, ṣebí ó ti wọ̀?", èsì kan náà ló ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ baálẹ̀ àdúgbò, tí gbogbo àwùjọ ń pariwo pé fìlà oyè náà wọ̀ ọ́, ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́yìn, ó ń jẹ obì. Kò tíì mọ ilẹ̀ tí baálẹ̀ tuntun yóò pín láìṣègbè, kò tíì mọ ìjà tí yóò parí. Ó gbé obì mì, ó ní, "Ó wọ̀, ó wọ̀: ẹ jẹ́ ó gun òkè ná." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, baálẹ̀ tuntun sì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ará Ìjàdò kì í fi í bú ohun tuntun, tí wọn kì í sì í yìn ín tán. Irin ń wọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ ń wọ̀ nígbà ọ̀pọ̀, ìlérí ń wọ̀ lẹ́nu. Ilẹ̀ títẹ́ kò ní ohun tí yóò fi dá wọn mọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá pa á lówe létí yín, ẹ má bínú, ẹ má sì bi wọ́n pé òkè wo. Ó wọ̀, ó wọ̀: ẹ jẹ́ ó gun òkè ná.