Kókó Tí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ Kọ̀ Láti Ta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n mí ná! Ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ilé wa láàárọ̀ yìí, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo ń ya fídíò, àmọ́ mi ò wo ibi tí fóònù kọjú sí, ilẹ̀ lásán ni mo yà. Àwọn ọmọ àdúgbò mú Wàrís, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àfọ́kù ìgò ló fi gún Mútíù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lápá nílé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti gbé Mútíù lọ sọ́sibítù, wọ́n ní apá yẹn lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti yí táyà jáde láti ọ̀dọ̀ fọganáísà. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù dání ni Bọ̀dá Rìlíwánù, ẹ̀gbọ́n Mútíù.

Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sí tésàn."

Bọ̀dá Rìlíwánù yíjú sí i. "Tésàn kẹ̀! Kí wọ́n ní òfin sọ pé ọmọdé ni, kí wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́la? Ṣé ọgbẹ́ tó dá sí àbúrò mi lára, ọgbẹ́ ọmọdé ni?"

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà mi, Màmá Ìdí-Òro, ti yọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n rìn wọ àárín wọn jẹ́jẹ́, wọ́n wo táyà tó wà nílẹ̀, wọ́n sì jókòó lé e. Wọ́n tún ìró wọn ṣe bí ẹni tó jókòó sórí àpótí nínú ilé ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Ẹsẹ̀ ń ro mí, Rìlí. Jẹ́ n fi ìtàn kan sinmi. Tí mo bá parí ẹ̀, tó o ṣì fẹ́ ṣáná, mà á dìde fún ẹ."

Ìtàn náà rèé, bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Àgó-Ìlasa, ẹsẹ̀ òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ẹkùn kan ń gbé inú ihò àpáta lókè níbẹ̀. Ẹkùn ò wá ìjà wọn, àwọn náà kì í gun òkè. Àwọn ọ̀dọ́ wọn gan-an ni wàhálà wọn. Àdá tí bàbá wọn rà fún wọn láti fi ṣoko, òun ni wọ́n fi ń ṣá ara wọn lójú agbo ìjàkadì. Nígbà tó sú Baálẹ̀, ó ṣòfin. Ọ̀dọ́ tó bá ta ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀, wọ́n á dè é mọ́ igi àràbà ẹnu ihò náà fún ẹkùn. Kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ pé Baálẹ̀ ló pa ọmọ òun, ìyá ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ni yóò ta kókó okùn. Bí ìyá bá ti ta á, ó parí nìyẹn.

Ọmọ àkọ́kọ́ tí òfin mú ni Ọdẹ́túndé. Gbogbo ìlú sìn ín dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ń kọrin. Obìnrin kan tó ń hun ẹní, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, òun gan-an ló ń dá orin. Wọ́n padà sílé, wọ́n ní ìlú ti tòrò.

Ó tòrò lóòótọ́, fún oṣù méjì. Ẹkùn tí kì í sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ewúrẹ́. Ó gbé ajá ọdẹ. Lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ kan, ó gbé ọmọ ọdún mẹ́rin létí odò. Wọ́n ní ebi ló ń pa á.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, Abíọ́nà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣá Ládòkun lọ́wọ́, torí pé Ládòkun dá a nínú ìjàkadì, ó sì tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìka mẹ́ta ló gé. Ládòkun yìí sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bí.

Wọ́n mú Abíọ́nà wá. Baálẹ̀ na okùn sí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́. "Ìyá Ládòkun, ó yá, ta kókó rẹ. Kò kúkú sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ okùn tó tìẹ nílùú yìí."

Abíọ́nà ń sunkún, ikun ti dé ètè rẹ̀. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ gba okùn. Ó fi yí ọwọ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Baálẹ̀, ká tó gbé Ọdẹ́túndé lọ, ṣé ẹkùn yìí mọ adùn ẹran èèyàn?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Ta ló fún un tọ́ wò?"

Baálẹ̀ wúkọ́.

"Àwa ni. Èmi ni mo dá orin. Baba, ẹkùn ò mọ ọmọ burúkú yàtọ̀ sí ọmọ rere. Ẹran ni gbogbo wọn lẹ́nu ẹ̀. Ó jẹ ọ̀kan lórí òkè, ó wá ń wá ìyókù bọ̀ nílé."

Ọkùnrin kan pariwo lẹ́yìn, "Ṣé ká wá máa fi adìyẹ kẹ́ ẹ ni? Ọmọ tó gé ọmọ rẹ níka!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo bínú jù ẹ́ lọ, ìka ọmọ tìẹ ṣì pé. Àmọ́ Ládòkun ò lè di ọkọ́ mú mọ́. Bí ẹkùn bá jẹ Abíọ́nà tán, ta ló máa kọ ebè ọmọ mi? Ẹkùn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn kan, wọ́n yáa gbé e mì.

"Ọwọ́ tó ṣá a ni kó máa ro oko ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko. Kò gbọ́dọ̀ mú àdá dé ojú agbo mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kan iṣu tuntun kí Ládòkun tó jẹ. Bó bá sá, ẹ wá mú èmi."

Ó tú okùn náà, ó ká a dáadáa, ó dá a padà sọ́wọ́ Baálẹ̀.

Abíọ́nà ro oko yẹn. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì, Ládòkun ń bú u pé ebè rẹ̀ wọ́ bí ẹ̀yìn arúgbó. Lọ́dún kẹta, nígbà tí ìlú pinnu láti dojú kọ ẹkùn fúnra wọn, Abíọ́nà ló gbẹ́ kòtò tí ẹkùn náà já sí.

Màmá gbójú sókè wo Bọ̀dá Rìlíwánù.

"Láti Àgó-Ìlasa yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa, tá a fi ń pa á lówe títí dòní pé, ọmọ ẹni kì í burú títí, ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ó yá, Rìlí, mo ti parí ìtàn mi. Ṣé kí n dìde?"

Bọ̀dá Rìlíwánù wo Wàrís. Ó wo táyà lábẹ́ Màmá. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó mú ìdérí kẹ́ẹ̀gì jáde, ó sì fi dé e padà.