Bọ́ọ̀dù Tó Jóná

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun tí àìsàn mú ìyá rẹ̀ lọ. Kí ìyá náà tó kú, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti ń súre fún àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú háàdì, àpótí pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń pa nǹkan mọ́, ni ohùn náà wà. Nítorí pé òun ni àkọ́bí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Lọ́jọ́ kan, ó fi ṣájà rédíò gbé iná sí háàdì náà, kò wò ó bóyá agbára wọn dọ́gba. Òórùn ohun tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́. Bọ́ọ̀dù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, pátákó tí iná ń gbà dé inú rẹ̀, ti dúdú. Ẹ̀rù bà á, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ra háàdì mìíràn tó jọ ọ́, ó tú bọ́ọ̀dù tiẹ̀, ó dè é mọ́ ti ìyá rẹ̀. Háàdì náà ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, kò sì sọ nǹkan kan. Ó tún gbé iná sí i lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ìyá wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, àbígbẹ̀yìn wọn, obìnrin, ní kó gbé ohùn náà wá kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ó ní ó ti bàjẹ́. Àwọn méjèèjì bá gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kan ní Òṣogbo.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti tú u rí?" atúnṣe náà bèèrè.

"Rárá. Ó kàn dédé kú ni."

Atúnṣe náà yí i padà, ó rí bọ́ọ̀dù tó mọ́ tónítóní. "Inú ló ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo máa ní láti ṣí i. Mi ò sì lè ṣèlérí fún yín, ọ̀pọ̀ tí a bá ṣí kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ẹ bá wa ṣí i, ọ̀gá," àbúrò rẹ̀ wí.

Bí ọkùnrin náà bá dákẹ́, wọn ó ṣí inú tí ó rò pé kò lárùn. Bó bá sọ̀rọ̀, àbúrò rẹ̀ á mọ̀ pé irọ́ ló ń pa láti ọjọ́ yìí. Atúnṣe náà ti tú nọ́ọ̀tì méjì.

"Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo sun ún. Bọ́ọ̀dù yìí kì í ṣe tirẹ̀. Tirẹ̀ wà nílé, mo fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Àbúrò rẹ̀ yíjú wò ó.

"Ẹ lọ mú un wá," atúnṣe náà wí. "Ègé kan wà lára rẹ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Òun nìkan ló mọ bí a ṣe ń ka inú háàdì yìí."

Wọ́n mú un wá. Atúnṣe náà yọ ègé náà, ó fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù tuntun. Ohùn ìyá wọn jáde. Ó súre fún àkọ́bí, ó súre fún àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ó pe àbígbẹ̀yìn, "Mosúnmọ́lá ọmọ mi," ohùn náà sì dákẹ́. Atúnṣe náà ní abẹ́rẹ́ tó ń ka inú rẹ̀ ti ha ibẹ̀, nígbà tí bọ́ọ̀dù tí kì í ṣe tirẹ̀ ń darí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́," obìnrin náà wí. Atúnṣe náà tún tẹ̀ ẹ́. Ibì kan náà ló dákẹ́ sí.

Ìwọ tí o gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ wá bá mi, tí o ní o kò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ìwọ ni mo torí rẹ̀ pa ìtàn yìí. Mi ò lè tún ohun tí o fi pamọ́ fún mi ṣe. Sọ ọ́ lónìí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí o fi dákẹ́ ń ha nǹkan kan, ohun tó ń ha sì lè má jẹ́ tìrẹ.