Ẹnu Méjì Ìjàpá ní Èbúté Ẹlẹ́rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já pàrá, ó já pòrò, ó já sínú ẹrẹ̀, ó mú Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo dé ọrùn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa.

Nígbà kan, abúlé apẹja kékeré kan wà nílùú àwọn ẹranko tó ń jẹ́ Ẹlẹ́rẹ̀. Ẹja pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èbúté wọn kò dára rárá. Pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀ láti máa fi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ti jẹrà. Ìyá Akàn, opó tó ń fi àwọ̀n tọ́ ọmọ, ló mọ ìyà rẹ̀ jù. Lọ́jọ́ kan, bí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, pákó kán, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ sì já sínú ẹrẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ tó fi ẹnu gbá a lápá mú! Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Ìyá Akàn kì í ti í balẹ̀ bí àwọn ọmọ bá lọ sódò.

Wọ́n bá ránṣẹ́ sí Ọba Erin pé kí ìjọba ṣàánú àwọn, kí ó fún àwọn ní gẹdú láti fi tún èbúté ṣe. Ìjàpá, ìránṣẹ́ ààfin, ló wá gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n se ẹja àrọ̀ fún un, wọ́n tún di ẹja yíyan sí i lápò. Ìjàpá jẹ, ó lá ìka, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Nígbà tó padà dé ààfin, Ọba Erin ní, "Gẹdú ti wà nílẹ̀. Ní kí wọ́n máa bọ̀ wá kó o."

Ìjàpá rò ó wò. Bí èbúté bá parí, kí ni yóò tún máa wá ṣe níbẹ̀? Ta ni yóò tún se ẹja fún un? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, wọ́n ní kí ẹ fún àwọn láyè díẹ̀. Omi kò tíì fà."

Ó padà sí Ẹlẹ́rẹ̀. "Ẹ kú sùúrù o. Ìjọba ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ yín wà lórí tábìlì."

"Ìgbà wo ni yóò kúrò lórí tábìlì?" Ìyá Akàn bi í.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ṣe ẹ̀bà tí wọ́n ń sáré tẹ̀. Ẹja dà?"

Bó ti ń ṣe é nìyẹn. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Bó bá dé ààfin, àwọn apẹja ni kò tíì ṣe tán. Bó bá dé Ẹlẹ́rẹ̀, ìjọba ni kò tíì ṣe tán. Ó sanra débi pé agbára káká ni orí rẹ̀ fi ń wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹja tó yẹ kí àwọn ọmọ Ìyá Akàn jẹ ni ìyá wọn fi ń ṣe é lálejò. Ẹ̀rù ń bà á pé bí inú ìránṣẹ́ kò bá dùn, ọ̀rọ̀ àwọn lè bàjẹ́ ní ààfin.

Nígbà tó yá, ó sú Ọba Erin. "Irú omi wo ni kì í fà yìí? N óò lọ fojú ara mi rí i."

Ìjàpá ń di apẹ̀rẹ̀ ẹja mọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ní Ẹlẹ́rẹ̀ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì. Ọba dé!

"Ẹ̀yin apẹja, ṣé omi ti wá fà báyìí?"

Ìyá Akàn kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, omi wo? Gẹdú làwa ń retí."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró!"

"Àwa kẹ̀? Ìjàpá ló ní ẹ̀yin lẹ ní ká dúró!"

Ìjàpá ti ń yọ́ lọ sídìí ọkọ̀, tòun tapẹ̀rẹ̀. Ó gun pákó. Pákó ní kẹẹ. Ó tún gbẹ́sẹ̀. Pákó ní gbàù! Ìjàpá já sínú ẹrẹ̀, ó rì dé ọrùn, ó figbe orin bọnu. Ẹ bá mi gbè é o:

Ẹ gbà mí o, ará etí omi,
*Ó ń rì, ó ń rì!*
Ẹrẹ̀ ti dé mi lágbọ̀n o,
*Ó ń rì, ó ń rì!*

"Ẹ má kánjú," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lórí tábìlì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Akàn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ló rántí. Ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá Ìjàpá lẹ́sẹ̀ mú.

"Ju apẹ̀rẹ̀ yẹn nù!"

"Ìyá, ẹja yíyan mà ni!"

"Jù ú nù!"

Ìjàpá kọ̀. Ìyá Akàn fà á síwájú, kò wá. Ó fà á sẹ́yìn, kò wá. Ló bá yí ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi gbogbo agbára fà á. Ìbàdí Ìyá Akàn dún kọ́! Ìjàpá yọ jáde, ẹja dà sómi pátá.

Ọba Erin ní Ìjàpá ni yóò bá wọn ru gẹdú títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó rù ú, ó ń sunkún, ẹnikẹ́ni kò sì fún un lẹ́ja jẹ. Èbúté tuntun dúró gbọn-in.

Ṣùgbọ́n ìbàdí Ìyá Akàn kò bọ̀ sípò mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí èbúté, ẹ̀gbẹ́ ló fi rìn kọjá lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e rò pé bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn, àwọn náà fẹ̀gbẹ́ rìn. Ìdí rèé tí akàn fi ń fẹ̀gbẹ́ rìn títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí o. Bí mo bá parọ́ mọ́ Akàn, kí ẹnu mi má dún. Bí n kò bá parọ́, kó dún ketekete: pó! pó! pó!