Iṣu Tí Kò Rí Oòrùn

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí adágún omi ńlá. Adágún náà kò sí níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ o. Ìjọba ló sé odò, omi wá kún títí ó fi bo abúlé tí wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, ilé àti oko àti ọ̀nà. Orí àwọn òkè olókùúta nìkan ló ṣẹ́kù lókè omi, tí wọ́n wá di erékùṣù. Ibẹ̀ rẹwà, mi ò ní purọ́. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó.

Ọkùnrin náà kò mọ abúlé yẹn rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn tí wọ́n kó kúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì tọ́ ọ, ló rán an níléèwé, ló jẹ gbogbo ìyà tó yẹ kí ìyá jẹ lórí ọmọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó kọ́lé sétí omi, ó ra ọkọ̀ ojú omi tó ní ẹ́ńjìnnì, ó fi tapólì ṣe òrùlé sí i, ó to àga onítìmùtìmù sínú rẹ̀. Bí àlejò bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, inú ọkọ̀ yá.

Ní ọdún kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ní òun ń bọ̀, òun àti ọmọ òun obìnrin pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Ojú ìyá àgbà náà ti ń ṣú. Ó sọ ohun tó ń bá bọ̀ lórí fóònù, ó sì sọ ọ́ ketekete.

"Àjàgbé, gbé mi dé Àpáta Ìsálùbọ́ kí ojú mi tó ṣú tán. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń bọ̀."

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn náà ni ẹ ń bẹ̀ mí sí? Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà ni Àpáta Ìsálùbọ́. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nígbà tí abúlé ṣì wà, orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń sá iṣu bíbọ̀ tí wọ́n máa lọ̀ di èlùbọ́. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lórí àpáta, tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Ẹnìkan kò jẹ́ sá iṣu tirẹ̀ sí àyè ẹlòmíràn. Ìjà ńlá ni.

Ọkùnrin yìí gbára dì fún àlejò rẹ̀. Ẹja yíyan, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, kúlà tó kún fún ẹlẹ́rìndòdò, rédíò tó ń kọrin kíkankíkan. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dénú. Má gbàgbé ìyẹn, nítorí kì í ṣe ìkà èèyàn ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọkọ̀, ìyá àgbà gbé abọ́ kan dání tó fi aṣọ dì. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún gbé oúnjẹ! Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ta ni yóò jẹ ẹ́ tán?" Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé abọ́ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó jókòó.

Ọkọ̀ ń rọra lọ. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, lékeléke bà sórí òkúta níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ọkùnrin náà dìde dúró, ó ń nawọ́, ó ń sọ ìtàn òkè kọ̀ọ̀kan fún wọn. Ìdajì ìtàn náà, ẹnu atukọ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ìdajì yòókù, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àwọn òkè náà nígbà èwe ló jókòó síwájú rẹ̀ yẹn, ọkùnrin náà kò sì bi í léèrè ohunkóhun.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta títẹ́jú kan. Ìyá àgbà na ọrùn.

"Àjàgbé, nǹkan funfun tí mò ń rí fírífírí yẹn, ṣé Ìsálùbọ́ kọ́?"

"Òun ni! Ojú yín ṣì mú o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ jẹun lábẹ́ ibòji ọ̀hún ná, àbọ̀ la máa dúró níbí. Èyí tó dùn jù ni mo fẹ́ fi kádìí ẹ̀."

Ìyá ní, "Ó dáa."

Kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ní ìdílé tiwọn, bí o bá lọ kí èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan lo máa sọ ohun tí o fẹ́. Bí o bá tún un sọ, ńṣe ló dà bíi pé o ń bú onílé pé kò mọ àlejò ṣe. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí gan-an ló kọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó gbà pé ara tù ú nìyẹn.

Wọ́n jẹun, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n tún yí òkè kan ká nítorí àwọn ọ̀bọ tó wà lórí rẹ̀, àwọn ọmọ ń pariwo, ọkùnrin náà ń dùn. "Ẹ mu sí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ ẹja yìí." Ìyá ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà lórí abọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa yíjú padà, ojú ọ̀run ti dúdú. Ìjì jà, òjò dé, omi tó dákẹ́ láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Wọ́n dé ọ̀gangan àpáta, ọkùnrin náà ní kí atukọ̀ yà síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Tí mo bá sún mọ́ òkúta nínú ìgbì yìí, igi ọkọ̀ la máa ṣà jọ."

Ó wá kígbe láàárín òjò pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, òun rèé o! Ẹ wò ó dáadáa!" Ìyá àgbà kọjú síbi tó nawọ́ sí. Ó ń wò. Òjò nìkan ló rí.

Nírọ̀lẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ dáadáa, ó súre fún un. Orí ọkùnrin náà wú. Ìgbà tó gbé abọ́ tó wà nílẹ̀ láti bá a gbé e wọlé ni òórùn kan ta sí i nímú. Ó tú aṣọ. Iṣu bíbọ̀ ni, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó ti kan, ó ti ń yọ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣu kí rèé?"

"Iṣu tí mo fẹ́ kí á sá ni, lórí àyè ìyá wa. Mo sì fẹ́ fi ihò kan hàn ọ́."

"Ihò wo?"

"Ihò kékeré kan wà létí àyè rẹ̀, nínú òkúta níbẹ̀. Ìyá wa á tẹ́ aṣọ sí i, á gbé ọ sínú rẹ̀, á wá máa sá iṣu rẹ̀ lọ. Wàá sùn fọnfọn. Èmi ni mo máa ń fi ewé lé eṣinṣin lójú rẹ."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ. O ní ó di àbọ̀."

Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló dun ọkùnrin náà jù. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó júwe ihò náà fóun. Ìyá bẹ̀rẹ̀: "Bí o bá gba etí odò gòkè, tí o dé ìdí igi ayìn..." Etí odò yẹn ti wà nísàlẹ̀ omi, igi ayìn náà ti wà níbẹ̀. "Àjàgbé, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n."

Òjò ọdún yẹn kò dáwọ́ dúró mọ́. Ọjọ́ tí dókítà dá fún ìyá kò jẹ́ kó lè pẹ́, ó sì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Omi kún, ó bo pẹrẹsẹ àpáta. Wọ́n fi ìrìn àpáta náà sí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn náà tó dé, ojú ìyá ṣú pátápátá, kò sì pẹ́ tó fi sùn tí kò jí mọ́.

Nígbà tí omi fà, ọkùnrin náà wọkọ̀ lọ. Kò gbé ẹja, kò tan rédíò. Iṣu bíbọ̀ ló gbé sínú abọ́. Ó gun orí àpáta. Háà! Ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì, kékeré ni gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìkíní, ó dìde, ó lọ síbi òmíràn. Kò mọ èyí tó sùn sí. Kò sì lè sá iṣu rẹ̀ síbì kankan, torí kò mọ àyè tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó yá, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó padà sínú ọkọ̀.

Gbọ́yèga, bàbá rẹ ń bọ̀ láti ilé lọ́jọ́ Sátidé. Láti àná ni o ti ń bi mí irú ẹran tí o máa pa, irú bẹ́ẹ̀dì tí o máa rà, àwọn ibi tí o máa gbé e lọ wò. Pa ẹran, ta ló dá ọ dúró? Àmọ́ ilé rẹ yẹn ni ọkọ̀ onítìmùtìmù. Bí bàbá bá ti sọ̀ kalẹ̀, bi í pé kí ló bá wá. Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, má ṣe dúró kó tún un sọ, má sì sọ fún un pé ó di àbọ̀. Ibi tó bá dárúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Tú ohun tó dì sọ́wọ́ wò nígbà tí oòrùn ṣì wà, torí o lè rí i pé ìwọ ló gbé e wá fún.